Ìyá Òdòdó àti Olófòófó Rẹ̀

Ẹni tó bá ní òdòdó kì í hù lórí kéèkì, ẹ ní kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Òdòdó kó lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí ti ń fi ṣúgà ṣe òdòdó: pupa, funfun, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ là, èyí tó ti là tán tí ewé rẹ̀ sì ti fẹ́ máa tẹ̀. Oyin kan gba ojú fèrèsé wọlé lọ́jọ́ kan, ó bà lé ọ̀kan nínú wọn, ó tọ́ ọ wò, kò sì rántí oko mọ́ títí wọ́n fi fi ìgbálẹ̀ lé e jáde. Mi ò purọ́ o. Ẹni tó lé e jáde ló sọ fún mi.

Ṣúgà tó kúnná bí àtíkè ló fi ń ṣe é, pẹ̀lú gúlúkóòsì olómi kan tó ki, tó ń fà bí gọ́ọ̀mù. Á da méjèèjì pọ̀, á fọwọ́ pò ó títí á fi rọ̀, á wá máa gé e, á máa tẹ̀ ẹ́, á máa ká a. Ìgbà tí ẹ bá máa fi mu omi tán nínú ife, òdòdó ti jókòó sórí tábìlì. Épírọ̀ọ̀nù funfun kan wà tó máa ń so mọ́ ìdí láti àárọ̀ dalẹ́. Ọkọ rẹ̀, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, a máa sọ pé bí òun bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó òun ti jí, òun kì í wojú, ìdí lòun máa ń wò.

Lọ́dún tó kọjá ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú Ìyá Òdòdó. Á mumi, á lọ tọ̀, á tún mumi. Ara ń rẹ̀ ẹ́, ojú ń ṣe bàìbàì. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ohun àkọ́kọ́ tí Ìyá Òdòdó bi í ni pé ṣé ó mọ iṣẹ́ tóun ń ṣe. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti tọ́jú alágbẹ̀dẹ tó ní i, òun ti tọ́jú kápẹ́ńtà, òun sì ti tọ́jú pásítọ̀ kan tí kì í fi ṣúgà sí tíì láti kékeré. Ó ní àìsàn yìí kì í bi ènìyàn léèrè iṣẹ́ ọwọ́ kó tó wọlé.

Ilé ìwòsàn yẹn kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń já oògùn lé ènìyàn lọ́wọ́ kí wọ́n sì ní ó dàbọ̀. Ọjọ́rú-Ọjọ́rú ni nọ́ọ̀sì àgbà ń kó àwọn alátọ̀gbẹ jọ sí yàrá kan tó ní bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́rin, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ara wọn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni nọ́ọ̀sì yìí, ẹ̀rín máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tí Ìyá Òdòdó kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

“Dókítà á rí yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín oṣù mẹ́ta,” ló wí. “Àwọn ọjọ́ tó kù ńkọ́, ta ni dókítà yín? Ẹ̀yin fúnra yín ni. Iṣẹ́ tiwa ni ká kọ́ yín níṣẹ́ náà.”

Hẹn. Ẹ ò mọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe nígbà tí ẹ bá fi irú Ìyá Òdòdó joyè dókítà. Obìnrin náà fẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ náà bí ẹni tó gba oyè. Alaalẹ́ ló ń fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá egbò wà níbẹ̀. Ìdajì àwo oúnjẹ rẹ̀ di ẹ̀fọ́. Tíṣà, ọkọ rẹ̀, ń fi ife wọn ẹ̀wà fún un, ó sì ń fi ìka tẹ ojú ife kó tẹ́jú dáadáa. Ìrọ̀lẹ́ bá dé, àwọn méjèèjì á rin àdúgbò yípo lẹ́ẹ̀mejì, tọkọtaya àgbà, bàtà kánfáàsì lẹ́sẹ̀ wọn, àwọn aládùúgbò á máa kí wọn kú eré ìje.

Wọ́n sì fún un ní ẹ̀rọ. Kékeré ni, kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Ènìyàn á fi abẹ́rẹ́ gún ìka, á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ̀rọ á sì sọ iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kó wà láàárín mẹ́rin sí méje kí ènìyàn tó jẹun láàárọ̀, kó má sì kọjá mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ, ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn. Ìyá Òdòdó sọ ẹ̀rọ náà ní Olófòófó, nítorí ó ní ènìyàn ò ní sọ nǹkan kan fún un, òun ló máa sọ gbogbo ohun tí ènìyàn jẹ. Nọ́ọ̀sì fún un ní ìwé pẹlẹbẹ kan láti máa kọ nọ́ńbà sí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tó ní kó pe nígbàkigbà tí nǹkan kan bá rú u lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà fóònù yẹn sọ́kàn. Ìyá Òdòdó ò fi sọ́kàn.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, oyin mọmọ. Àárọ̀ nìkan ló ń yẹ ara rẹ̀ wò, nílé, kó tó jẹun, kó tó múra iṣẹ́. Márùn-ún, mẹ́fà, mẹ́fà ààbọ̀. Tíṣà ya àwòrán ìlà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ìlà aláwọ̀ búlúù náà sì sùn gbalaja bí ẹni tó yó. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì ní kó fi ẹ̀ẹ̀kan kún un, ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí Ìyá Òdòdó fúnra rẹ̀ lè rí ohun tí oúnjẹ ń ṣe nínú ara rẹ̀. Ọ̀sán sì rèé, ṣọ́ọ̀bù ló máa ń bá Ìyá Òdòdó.

Ọjọ́ kìíní, Olófòófó sọ mẹ́tàdínlógún.

Ìyá Òdòdó rò pé ẹ̀rọ ti ya wèrè. Ọjọ́ kejì, mẹ́jìdínlógún. Ọjọ́ kẹta, mọ́kàndínlógún. Ní ọjọ́ kan báyìí ó di méjìlélógún, ó sì ní láti jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Ẹ̀wà kan náà ni, ẹ̀fọ́ kan náà, ife kan náà tí Tíṣà ń tẹ ojú rẹ̀. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ọjọ́ Àìkú, tí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì, tó bá yẹ ara rẹ̀ wò nílé lọ́sàn-án, mẹ́jọ ni. Tíṣà mú bírò pupa, ó fi ya ìlà ti ṣọ́ọ̀bù sókè ti ilé. Ìlà búlúù sùn sílẹ̀, ìlà pupa ń gun òkè bí olè tó ń fo ògiri. Tíṣà wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó mirí. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ó mà ju eéje lọ.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí gbogbo ayé máa rò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ náà ni yóò ti jẹun. Wọ́n ní ó ń tọ́ ọ wò. Wọ́n ní ó lè má mọ̀ ọ́n, ìka ló ń lá. Ìyá Òdòdó búra pé láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀, òun ò fi ahọ́n kan ohunkóhun ní ṣọ́ọ̀bù, àfi omi. Òótọ́ ló ń sọ. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ojú tì í débi pé kò pe nọ́ọ̀sì, kò sì lọ sí ẹ̀kọ́ Ọjọ́rú mọ́, nítorí ó dá a lójú pé ohun tí àwọn ará ilé ń wí náà ni nọ́ọ̀sì máa wí.

Ọ̀rọ̀ wá dé etí àkọ́bí rẹ̀. Àgádágodo ni wọ́n ń pe àkọ́bí yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni ìjọba ń rán lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ láti lọ wò bóyá wọ́n ń ṣe ohun tó lè pa àwọn òṣìṣẹ́ lára. Bí ibì kan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, á fi àgádágodo sí i, á máa lọ, ìpẹ̀ kan kì í wọ̀ ọ́ létí. Ọmọ dáadáa ni. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ bí ojú, ìdí nìyẹn tó fi le mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Ó dé lọ́jọ́ Àìkú kan, ó dúró níwájú àwòrán ìlà tó wà lára ògiri, ó kà á bí ẹni ń ka ẹ̀sùn. Ó mu jọ́ọ̀gì omi kan tán, ó jáde lọ tọ̀, ó padà wá jókòó, ó tún bu omi, ó ní ooru ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ló sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní nílé, ara ìyá òun dá. Ní ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ kò dá. Nítorí náà ṣọ́ọ̀bù ló ń pa á. Ó ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí Màámi máa padà sílé ìwòsàn, òun á bá a lọ. Bí ìlà pupa yẹn kò bá tíì wálẹ̀, láti ilé ìwòsàn tààrà ni àwọn á ti lọ ti ṣọ́ọ̀bù pa, Màámi á sì wá máa sinmi lọ́dọ̀ òun. Ó ti tẹ ìwé rẹ̀, ó wà nínú báàgì: A TI TI ILÉ IṢẸ́ YÌÍ PA. Ó fà á yọ kí wọ́n lè rí i.

Inú Ìyá Òdòdó bàjẹ́, ó bàjẹ́ gan-an. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ta ni yóò jẹ́ bó bá jí láàárọ̀ tí kò sí òdòdó kan tó máa ṣe? Sinmi, kó sinmi kó ṣe kí ni?

“Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo fi rán ẹ nílé ìwé,” ló wí fún ọmọ rẹ̀, “tó o fi mọ bí wọ́n ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù pa.”

Àgádágodo dìde, ó tún jáde lọ tọ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Ẹ wá wo eré. Ọjọ́ kìíní, Ìyá Òdòdó rò pé bóyá imú ni ṣúgà ń gbà wọlé, nítorí ó máa ń fò nínú afẹ́fẹ́ bó bá ń jọ̀ ọ́. Ó fi aṣọ di imú àti ẹnu bí ẹni tó fẹ́ lọ fọ́ ilé. Oníbàárà kan wọlé, ó gbé ọwọ́ sókè. Mẹ́jìdínlógún. Ọjọ́ kejì, ó ní bóyá ọ̀rọ̀ sísọ ló ń jẹ́ kó máa gbé e mì, ó pinnu pé òun ò ní lanu. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún gbogbo ẹni tó wá, ìyàwó ọ̀ṣìngín kan sì lọ sílé lọ sunkún pé Ìyá Òdòdó ń bá òun ṣe odì. Mẹ́rìndínlógún. Ó gbìyànjú ìka ọwọ́ òsì. Ó gbìyànjú kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan nígbà tó ń gún ìka, èyí tí mi ò mọ ibi tó ti rí i. Ogún.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Tíṣà gbé àga lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó ti tábìlì, ó sì la ojú sílẹ̀ láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán bí ẹni tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ nínú ìdánwò. Ó rí i tó jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán. Ó rí i tó pò, tó gé, tó ká. Ó rí i tó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ, tó nu ún, tó gún ìka. Mẹ́tàdínlógún. Tíṣà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nu ojú. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní òun jẹ́rìí pé obìnrin yìí kò lá ohunkóhun. Àgádágodo dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ọkọ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí wọ́n ń gbà lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó. Tíṣà gbé fóònù sílẹ̀. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, “Èmi gbà ọ́ gbọ́.” Ìyá Òdòdó rántí ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní.

Ọjọ́rú pé. Ìyá Òdòdó ní kéèkì kan tó gbọ́dọ̀ jáde láàárọ̀, ó lọ parí rẹ̀, ó tètè jẹ oúnjẹ ọ̀sán, ó sì sáré láti ṣọ́ọ̀bù lọ sílé ìwòsàn. Orí bẹ́ǹṣì ni Àgádágodo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé épírọ̀ọ̀nù ṣì wà nídìí ìyá òun lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ó ní Màámi, ẹ ti gbé ẹ̀rí wá. Ó mu omi inú ike tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó béèrè ibi tí ilé ìtọ̀ wà, ó lọ.

Ẹni tó jókòó ti Ìyá Òdòdó ni Ọ̀gá Dírẹ́bà, bàbá arúgbó kan tó wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ogójì ọdún. Òun náà ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé rẹ̀. Ti oṣù mẹ́ta ló ń kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú bírò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó lè dà bíi pé ọjọ́ ń yí padà. Mẹ́fà, mẹ́fà, méje, mẹ́fà. Ó ti kọ mẹ́fà sí ọ̀la, kò sì tíì fura. Ó fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo ìwé Ìyá Òdòdó, ó rí àwọn 17, àwọn 18, àwọn 19 tó tò sílẹ̀ níbẹ̀, àánú ṣe é. Ó yọ rọ́bà ìparẹ́ kan láti inú àpò, ó nà án sí i. Pẹ́ńsùlù ni Ìyá Òdòdó fi máa ń kọ tirẹ̀. Ọ̀gá Dírẹ́bà sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí i létí pé oókan iwájú yẹn nìkan ni wàhálà, kó kàn pa oókan rẹ́.

Ẹ gbà mí, ẹ wo bó ṣe rọrùn. Bí 17 bá pàdánù oókan rẹ̀, ó di 7. 18 di 8. 19 di 9. Ogún àti méjìlélógún ọ̀hún, ó lè pa wọ́n rẹ́ pátá. Oókan bíi mẹ́rìnlá péré, kí Àgádágodo tó tọ̀ tán, ṣọ́ọ̀bù á bọ́ lọ́wọ́ ikú. Ìyá Òdòdó gba rọ́bà náà. Ó gbé e lé orí oókan àkọ́kọ́. Ó rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ọkàn, ó rí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó ń bọ́ sórí tábìlì, ó rí ìwé Àgádágodo lára ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló rántí pé wọ́n fi òun joyè dókítà. Irú dókítà wo ló ń parọ́ fún aláìsàn rẹ̀? Àti pé bí àìsàn bá wà níbẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́, ta ni yóò wò ó? Ó dá rọ́bà padà fún Ọ̀gá Dírẹ́bà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n pè é wọlé.

Ó gbé ìwé náà síwájú nọ́ọ̀sì bí ẹni gbé ọrùn sílẹ̀ fún ọ̀bẹ. Àgádágodo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, báàgì lórí orúnkún. Nọ́ọ̀sì ka ojú ìwé kìíní, ó ka èkejì. Ìyá Òdòdó ń retí ìbáwí. Ìbáwí kò wá. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó kọ ohun tó rí. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé mìíràn jáde, èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lápá rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó máa ń sọ bí ṣúgà ti ṣe sí nínú ara fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ó ní ẹ̀jẹ̀ apá ní ara Màámi dá ṣáṣá. Ó ní ìwé yìí ní ara Màámi kò dá rárá. Ó ní ẹlẹ́rìí méjì rèé, ọ̀kan nínú wọn ń purọ́, òun ò sì rò pé Màámi ni.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà,” ni nọ́ọ̀sì wí, “ẹ ṣe é níwájú mi, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má yọ ohunkóhun kúrò.”

Ìyá Òdòdó dìde, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ó lọ sídìí omi tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná, ẹ̀yìn ọwọ́. Nọ́ọ̀sì ń mirí pé ó dára. Ìyá Òdòdó pa omi, ó gbé etí épírọ̀ọ̀nù rẹ̀ sókè, ó nu ọwọ́ náà dáadáa, iwájú, ẹ̀yìn, ìka kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó, ó gún ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀. Olófòófó ronú díẹ̀. Mẹ́jìdínlógún.

Àgádágodo mí kanlẹ̀. Ó ti fẹ́ ṣí báàgì. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò wo ẹ̀rọ. Ìdí Ìyá Òdòdó ló ń wò. Ó na ìka kan, ó fi kan épírọ̀ọ̀nù náà, ó gbé ìka sókè, épírọ̀ọ̀nù sì tẹ̀ lé e díẹ̀ kó tó já. Ó béèrè pé kí ló wà lára aṣọ yìí.

“Kò sí nǹkan kan, mà,” ni Ìyá Òdòdó dáhùn. “Ó mọ́. Gúlúkóòsì díẹ̀ ni.”

Ìyá Òdòdó gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ. Ó wo épírọ̀ọ̀nù. Ó wo ìka rẹ̀. Ó wo Olófòófó, tí iṣẹ́ rẹ̀ láyé kò ju kó máa wá gúlúkóòsì kiri lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná, àṣé ọ̀rọ̀ épírọ̀ọ̀nù òun ni wọ́n ń sọ.

Nọ́ọ̀sì ní kó tún ọwọ́ fọ̀, ó sì fún un ní bébà mímọ́ láti fi nù ún. Ó gún ìka mìíràn. Méje lé díẹ̀.

Ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu Ìyá Òdòdó, Ọ̀gá Dírẹ́bà gbọ́ ọ lórí bẹ́ǹṣì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó ń sọ pé ṣé ẹ rí i, mà, ẹ ò bá ti pè mí lọ́jọ́ kìíní. Ìyá Òdòdó ń ronú kan aṣọ tó fi di imú, oníbàárà tó gbé ọwọ́ sókè, ìyàwó ọ̀ṣìngín tó lọ sunkún, òun fúnra rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀.

Àgádágodo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní báwo ni aṣọ lásán ṣe máa sọ ènìyàn di aláìsàn. Nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè gidi nìyẹn, sà, ẹ mú ọwọ́ wá. Àgádágodo sì fọ ọwọ́ bí ìyá rẹ̀, ó fi épírọ̀ọ̀nù ìyá rẹ̀ nù ún, nọ́ọ̀sì gún un, ó sì dijú bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Mẹ́tàlélógún.

Ìyá Òdòdó na ọwọ́ sínú báàgì ọmọ rẹ̀, ó yọ ìwé náà jáde, ó gbé e jìnnà sójú, ó kà á sókè ketekete: a ti ti ilé iṣẹ́ yìí pa. Ó ní ọ́fíìsì rẹ ń pa ọ́, ọmọ mi. Dìde, ká lọ tì í. Àgádágodo kọ́kọ́ fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ràn án, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó dárí ji òun, òun á fọwọ́ ara òun kan táwẹ́lì mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣọ́ọ̀bù ti là.

Nọ́ọ̀sì ní kí Àgádágodo wá fọ ọwọ́ dáadáa, kí àwọn fi òótọ́ pa eré náà dé. Ó fọ ọ́, ó fi bébà nù ún. Wọ́n gún ìka kejì.

Mẹ́tàlá.

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ. Ó fún un ní bébà tuntun, ó gún ìka ọwọ́ kejì. Mẹ́tàlá. Ó wá béèrè, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, bóyá ó ń tọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Àgádágodo ní rárá, ooru ni. Ike omi méjì tó ti ṣófo wà lẹ́sẹ̀ àga rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo àwọn ike náà, ó rántí jọ́ọ̀gì ọjọ́ Àìkú, ó rántí ilé ìtọ̀, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ kékeré yìí kì í dá ẹjọ́, kó padà wá lọ́la láìjẹun kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ apá. Ó ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ àtọ̀gbẹ ni, wọ́n tètè rí i, bẹ́ǹṣì mẹ́rin ló wà nínú yàrá, àyè ò há. Ọkùnrin tó ń ti ilé iṣẹ́ pa káàkiri jókòó síbẹ̀, ó di ìka méjì rẹ̀ mú, ó sì yíjú sí ìyá rẹ̀.

“Màámi,” ló wí, “ṣé wọ́n máa ti èmi náà pa ni?”

Ìyá Òdòdó fọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lórí bó ti ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré. Ó ní ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n ń ti ènìyàn pa níbí? Oyè dókítà ni wọ́n ń fi ènìyàn jẹ. Ó fa ìwé A TI TI ILÉ IṢẸ́ YÌÍ PA sún mọ́ ara rẹ̀, ó yí i sí ẹ̀yìn funfun, ó mú pẹ́ńsùlù, ó sì fa ìlà sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí Tíṣà ṣe máa ń fà á: ọjọ́, àkókò, nọ́ńbà. Ó ní kó kọ ti òní. Àgádágodo kọ ọ́: 13.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ọ̀gá Dírẹ́bà rí ọkùnrin tuntun pẹ̀lú ìwé tuntun lọ́wọ́, ó rí nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀, àánú sì tún ṣe é. Ó ti ki ọwọ́ bọ àpò.

Ìyá Òdòdó gba rọ́bà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi sínú àpò épírọ̀ọ̀nù ara rẹ̀. “Má pa oókan yẹn rẹ́, ọmọ mi,” ló wí. “Àwa méjèèjì la jọ máa mú un wálẹ̀.” Wọ́n sì jọ lọ ra táwẹ́lì.